Bí Mo Ṣe Sọdá Òkun Lọ Fa Bọ̀dé Jáde Nílé

Ẹ fa àga súnmọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá gbé iṣu ka iná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tó wá, torí n kì í sáré sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń kánjú lọ ná ọjà Odò-Ẹrẹ̀, kó máa lọ. Bó bá dé, ẹlòmíràn á sọ ìyókù fún un. Ẹ̀yin tó kù, ẹ jókòó dáadáa. Ohun tí ẹ ti gbọ́ káàkiri Kábà, pé ọlọ́pàá ká èmi Sàlíù mọ́ títì nílùú òyìnbó ní ọjọ́ kẹta tí mo débẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó sọ ọ́ fún yín kò mọ ìdí rẹ̀, wọn kò sì mọ òpin rẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí wọ́n ká mọ́ títì.

Ẹ̀yin àgbà mọ Bọ̀dé. Nítorí àwọn ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Ẹgbẹ́ mi ni. Èmi jẹ́ ọmọ mùsùlùmí, òun ọmọ onígbàgbọ́, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wa kò sì ju pé òun a máa jẹ ẹran iléyá lọ́dọ̀ mi, èmi a máa jẹ ìrẹsì Kérésì lọ́dọ̀ rẹ̀. A jọ ṣe àáró nígbà èwe wa: lónìí, a kọ ebè lóko bàbá mi, lọ́la, ó di oko bàbá tirẹ̀. Bọ̀dé á ti kọ ogún ebè, èmi á ṣì máa wá omi tí mo fẹ́ mu. Lẹ́yìn náà ló bá tirẹ̀ lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tó ti ń ti àwọn aláìsàn kiri lórí bẹ́ẹ̀dì oníkẹ̀kẹ́ ní ilé ìwòsàn kan.

Lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó dúró níbi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta bá a níbẹ̀. Kò bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kó padà síbi tó ti wá. Wọ́n pè é ní orúkọ ẹranko. Wọ́n fi ìgò la ojú rẹ̀, wọ́n ṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọ̀ ara rẹ̀ nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. N kò ní fi ìyẹn ṣe àwàdà. Èmi ni kí ẹ máa rín nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ fi Bọ̀dé sílẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Tóyìn, ló pè mí. Ó ní, "Bàbá, egungun ti jinná. Dókítà ní ó ti san. Ṣùgbọ́n dádì kì í jáde mọ́. Oṣù kẹrin rèé tí ẹsẹ̀ wọn kò kan ìta. Kọ́tìnì gan-an, wọn kì í jẹ́ ká ṣí i. Ìdààmú bá mi, Bàbá. Bí wọ́n bá jókòó báyìí di ọdún tó ń bọ̀, wọn ò ní dìde mọ́."

Mo ní kó má sunkún. Mo sọ fún Ìyá Rábì, ìyàwó mi, pé, "Kí wọ́n má wulẹ̀ wá dókítà kankan kún un. Bí mo bá ti dé, ọjọ́ mẹ́ta péré, mo ti fà á jáde."

Ó wò mí. Ó ní, "Ìwọ tí àgbò iléyá lé wọ ilé lọ́dún ìjẹta?"

* * *

Ẹ̀yin tí ẹ ń ráhùn ọyẹ́, ẹ lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọyẹ́. Òtútù tó pàdé mi níta pápákọ̀ òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò kí mi rárá, ńṣe ló gba inú bùbá mẹ́ta tí mo wọ̀ léra kọjá, ó wọ inú egungun, ó jókòó. Eyín mi bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìyànjú tí mo kó jọ láti Kábà, tí mo ń tún kà nínú ọkọ̀ òfuurufú bí ẹni ń ka hísìbù, ńṣe ló ń já sílẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ.

Tóyìn fi mọ́tò wá gbé mi, a sì dúró lójú ọ̀nà láti mu tíì. Obìnrin tó ń tà á, tó lè jẹ́ ọmọ bíbí inú mi, pè mí ní olólùfẹ́. Mo wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn ló ń bá wí. Ó tún sọ ọ́: ṣé mo fẹ́ ṣúgà, olólùfẹ́? Tóyìn rẹ́rìn-ín, ó ní bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo èèyàn ní agbègbè náà nìyẹn, bẹ̀rẹ̀ láti orí awakọ̀ dé orí alápatà. Ó wú mi lórí díẹ̀, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tún wọ mọ́tò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ibi tí àjèjì ti ń pe àjèjì ní olólùfẹ́ yìí náà ni wọ́n ti fi ìgò la ojú Bọ̀dé. N kò mọ bí mo ṣe máa so méjèèjì pọ̀. Títí di òní, n kò tíì mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mọ́tò dúró níwájú ilé, èmi akọni tó wá fa èèyàn jáde, mo bi Tóyìn ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ṣé wọn kò sí nítòsí?"

"Àwọn wo, Bàbá?"

"Àwọn tó ń lu èèyàn."

Kó tó dáhùn, mo ti sáré wọlé. Mo gbàgbé àpò mi sínú mọ́tò. Mo gbàgbé Tóyìn náà pẹ̀lú.

* * *

Bọ̀dé jókòó lórí àga kan nínú òkùnkùn ọ̀sán gangan. Àpá kan gba ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ dé àgbọ̀n. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ká díẹ̀, kò nà tán mọ́. Mo la ẹnu láti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìyànjú mi, ohun tó jáde kò ju kíkí ilé wa lọ.

"Okun o, Bọ̀dé."

"Okun, Sàlí. O ti sanra."

Ó tán. Mo jókòó tì í. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwe àkọ́kọ́ ni ooru ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná gbé mi lọ. Nígbà tí mo jí, bùláńkẹ́ẹ̀tì wà lára mi. Ẹni tí mo wá tọ́jú ló bò mí.

Lọ́jọ́ kejì, Tóyìn gbé iyán wá. Ìyẹ̀fun ni wọ́n rò nínú ìkòkò; iyán tí kò gbọ́ ohùn odó rí. Mo bú u láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì jẹ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bọ̀dé fọwọ́ kan tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní àsìkò ti tó.

"Bọ̀dé, jẹ́ ká yọjú síta díẹ̀."

"Kí la fẹ́ lọ wò?"

"Oòrùn."

"Kò sí oòrùn níbí."

"Ká kàn na ẹsẹ̀."

"Na tìrẹ nínú pálọ̀."

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í da òwe lé e lórí: ti akínkanjú, ti ọkùnrin, ti ẹni tó ṣubú tó dìde. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní, "Sàlí, láti ìgbà tí o ti sáré wọlé yìí, ìwọ náà ti jáde?"

Mo ní òtútù ni.

Ó ní, "Ẹn-ẹn. Òtútù ni."

* * *

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi títí mo fi sùn. Nígbà tí mo kírun òwúrọ̀ tán lọ́jọ́ kẹta, ohun mìíràn tún gún mi. Ẹ mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa: àlejò tó bá sùn sí àdúgbò tí kò lọ fara han ilé kan sí èkejì, ẹni tó gbà á sílé ló fi àbùkù kàn. Àwọn èèyàn á ní, "Ta lẹni tó ń yọ́ wọlé yọ́ jáde lọ́dọ̀ lágbájá?" Mo ti sùn lẹ́ẹ̀mejì ní àdúgbò Bọ̀dé, n kò kí ẹ̀dá kan. Bí òun kò bá lè jáde lọ fi mí hàn, ṣé èmi kò ní ẹsẹ̀ ni?

Mo wọ kóòtù tí Tóyìn yá mi. Ti obìnrin ni, ó pupa fòò. Mo gbé agbádá lé e. N kò rí ìbọ̀wọ́, mo fi ìbọ̀sẹ̀ bọ ọwọ́. Mo to obì mẹ́jọ tí mo mú ti ilé wá sínú abọ́. Tóyìn ti lọ síbi iṣẹ́, Bọ̀dé wà ní yàrá. Mo ṣílẹ̀kùn. Mo rò ó pé, ẹni tó gbé obì lọ́wọ́, ta ni yóò lù ú?

Ilé àkọ́kọ́, ọkùnrin kan yọjú pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Mo nawọ́ obì sí i. Ó ní òun kò rà. Mo ní n kò tà. Ó ní òun kò ṣe ìsìn kankan. Mo ní èmi náà kò wàásù. Ó rọra tilẹ̀kùn. Ilé kejì, wọn kò dáhùn, ṣùgbọ́n mo rí òjìji ẹsẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn, mo bá dúró, mo kí ẹsẹ̀ náà pẹ́. Ilé kẹta, ẹnì kankan kò sí níbẹ̀, àbí wọ́n gbọ́n jù mí lọ.

Ní ilé kẹrin, ìyá arúgbó kan jókòó lẹ́yìn fèrèsé, irun rẹ̀ funfun bí òwú. Inú mi dùn. Mo ní, àgbà rèé, òun á mọ àṣà. Mo tẹrí ba. Kò mira. Mo rò pé kò gbọ́ ni, mo bá súnmọ́ gíláàsì, mo fi obì kàn án, kó, kó, kó. Ó gbé fóònù. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Mo rò pé ó ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ wá kí àlejò.

Àwọn tó pè dé lóòótọ́. Méjì ni wọ́n, ọkùnrin kan, obìnrin kan, nínú mọ́tò tí iná ń bù yẹ̀rì lórí rẹ̀.

* * *

Wọn kò pariwo mọ́ mi. Ẹ jẹ́ n jẹ́rìí sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì wọn dà bíi ti ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin náà ní kí ni mo ń ṣe. Mo ní mo ń kí àwọn èèyàn ni.

Ó ní, "Kí nìdí?"

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Mo rò ó. Mo ní, "Nítorí pé ilẹ̀ ti mọ́."

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n ní nọ́ńbà ilé wo ni mo wà. Ẹ̀yin náà ẹ gbà mí, ta ló ń fi nọ́ńbà mọ ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀? Mo bojú wẹ̀yìn láti nawọ́ sí i, ojú mi ṣókùnkùn: bíríkì pupa, ilẹ̀kùn kan, fèrèsé méjì, gbogbo wọn jọra bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wọn lọ́jọ́ kan náà. Mo nawọ́ sí ọ̀kan. Wọ́n lọ kànkùn. Ọkùnrin búrọ́ọ̀ṣì ló tún jáde.

Mo ní, "Ilé Bọ̀dé ni mo wà!"

"Bọ̀dé wo?"

"Bọ̀dé ará Kábà! Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń gbé ní títì yìí. Ẹ bi ẹnikẹ́ni!"

Wọ́n bi ọkùnrin búrọ́ọ̀ṣì. Kò mọ Bọ̀dé. Wọ́n bi obìnrin kan tó ń gbé pàǹtírí síta. Kò mọ Bọ̀dé. Ẹ̀yin ará ilé, ibẹ̀ ni ara mi ti tutù, kì í sì í ṣe òtútù ilẹ̀ náà ló fà á. Ọdún mọ́kànlélógún. Lọ́dọ̀ wa, ewúrẹ́ tó bá lo ọdún kan ládùúgbò, gbogbo ayé ti mọ orúkọ rẹ̀. Ó wá yé mi pé ilẹ̀kùn yẹn ti há mọ́ Bọ̀dé tipẹ́tipẹ́ kí àwọn onígò tó dé.

Ọlọ́pàá ọkùnrin ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, ó ní kí n wọlé kí ara mi móoru, àwọn á bá mi wá ilé náà. Inú rere ni, mo mọ̀ báyìí. Lọ́jọ́ yẹn, ohun tí mo rí ni mọ́tò ọlọ́pàá tó yanu. Mo gbé ohùn sókè bí ẹni ń pe èèyàn láti oko dé oko:

"Bọ̀dé oooo! Wọ́n ń gbé mi lọ o!"

Ilẹ̀kùn kan ṣí ní òdìkejì títì. Bọ̀dé ni. Kò wọ bàtà, aṣọ oorun ló wọ̀, ọwọ́ kíká rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àyà. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀. "Ẹ fi í sílẹ̀. Àlejò mi ni. Ọ̀rẹ́ mi ni." Ó sọdá títì. Ó gba àárín ọlọ́pàá méjèèjì kọjá, ó di ọwọ́ oníbọ̀sẹ̀ mi mú, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Sàlí, àgbàyà ni ọ́."

"Mo mọ̀."

"Kóòtù obìnrin lo wọ̀."

"Òtútù kò mọ akọ, kò mọ abo."

Ìgbà yẹn ló wo ilẹ̀, tó rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lórí títì. A jọ jókòó sórí ògiri kúkurú kan. Ọlọ́pàá obìnrin lóṣòó níwájú rẹ̀, ó bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Bọ̀dé bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́: ibi tó dúró sí, ohun tí wọ́n pè é, ìró ìgò náà, bí èèyàn kan ṣe kọjá tí kò dúró. Ohun tí kò sọ fún ọmọ rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, ó sọ ọ́ tán lórí ògiri náà. Obìnrin náà kò yọ ìwé jáde. Ó gbọ́ ni. Nígbà tó parí, mo fún obìnrin náà ní obì. Ó gé e jẹ. Ojú rẹ̀ kó jọ bí àpò tí wọ́n fa okùn rẹ̀. Ó dúpẹ́, ó fi ìyókù sínú àpò aṣọ rẹ̀, mo sì mọ̀ pé kò ní pẹ́ débi tó máa sọ ọ́ sí.

Ìyá arúgbó orí fèrèsé jáde wá pẹ̀lú ọ̀pá. Bọ̀dé ló ń wò, kì í ṣe èmi. Ó ní, "Mo kà á nínú ìwé ìròyìn pé wọ́n lu ọkùnrin kan. N kò mọ̀ pé iwájú ilé mi ló ń gbé. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí yín tí ẹ ń lọ síbi iṣẹ́. N kò kí yín rí."

Bọ̀dé ní, "Èmi náà kò kí yín."

* * *

Ẹ má rò pé ó tán síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó tún fa kọ́tìnì, ó sùn títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo rò pé mo ti bà á jẹ́ ju bí mo ṣe bá a lọ. Ọjọ́ tó tẹ̀lé e ni Ìyá Fèrèsé, orúkọ tí mo fún un nìyẹn, kànkùn, kéèkì lọ́wọ́ kan, okùn ajá lọ́wọ́ kejì. Bísíkíìtì ni wọ́n ń pe ajá náà. Ó ní orúnkún ń dun òun, ajá sì ń fa òun ṣubú. Ṣé ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì lè bá òun mú un dé igun títì? Èmi ló ń wò, èmi tí ara mi le. Mo bọ́ sẹ́yìn àga.

"Bọ̀dé, ìwọ ni kó mú un. Mo ní àlùwàlá, ajá kò gbọdọ̀ fara kàn mí."

"Láti àárọ̀?"

"Láti àná."

Bọ̀dé wò mí. Ó wo ìyá arúgbó náà tó ń dúró. Ó wọ bàtà, ó gba okùn. Gbogbo òwe tí mo gbé sọdá òkun, wọn kò ṣe é. Ìwà ojo mi ló ṣe é.

Òpó iná ni wọ́n dé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, igun títì, lẹ́yìn ìyẹn, ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ mìíràn wà tó máa wọ bàtà tán tó tún máa bọ́ ọ. Ìyá Fèrèsé kò bi í léèrè. Á kàn padà wá lọ́la. Èmi ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, jìnnà díẹ̀ sí ajá.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Bọ̀dé fúnra rẹ̀ ní ká lọ síbi tí wọ́n ti lù ú. Èmi àti òun nìkan ló lọ. Ó dúró níbẹ̀, ó wo ilẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo pa ẹnu mọ́. Ọkùnrin gìrìpá méjì yọ láti igun, wọ́n ń bọ̀ tààrà. Nígbà tí mo fi mọ ohun tí mo ń ṣe, mo ti wà lẹ́yìn Bọ̀dé, mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú ṣinṣin. Ọ̀kan nínú wọn mi orí sí wa, ó ní ẹ kú àárọ̀. Láti ẹ̀yìn Bọ̀dé, mo dáhùn ní ohùn kíkankíkan, "Okun o!"

Bọ̀dé bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, tó fi di òpó mú. Nígbà tó yá, omi nìkan ló kù, ẹ̀rín ti lọ. Mo dúró tì í.

Bọ́ọ̀sì dé, ó ṣílẹ̀kùn. Bọ̀dé wò ó. Ó ní, "Kì í ṣe lónìí."

Mo ní, "Kì í ṣe lónìí."

A fi ẹsẹ̀ rìn padà sílé.

* * *

Ọ̀sẹ̀ méje ni mo lò kí n tó padà wá bá yín. Nínú àwọn mẹ́ta tó lù ú, ọwọ́ ti tẹ ẹnì kan. A kò tíì rí àwọn méjì yòókù. Bọ̀dé ṣì ń wẹ̀yìn bó bá gbọ́ ìṣísẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ dé ni Tóyìn pè pé Ìyá Fèrèsé ti kú, lójú oorun. Dọ́rà ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Bọ̀dé wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi gbé e, torí ọ̀tún kò tíì le. Àwọn ọmọ ìyá náà ti ọ̀nà jíjìn wá pín ogún. Àkọ́bí gba ilé. Àbúrò gba àwo àti ife tíì. Ọkùnrin búrọ́ọ̀ṣì kò jogún nǹkan kan, ṣùgbọ́n Bọ̀dé ní ó ti ń kí òun báyìí, búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu.

Ìlà méjì kù nínú ìwé tí ìyá náà kọ sílẹ̀. Ọ̀kan ní kí wọ́n fún ọkùnrin olóbì ní kóòtù ọkọ òun tó ti kú, kó má bàa wọ ti obìnrin mọ́. Òun rèé lára mi. Ó gùn dé ọrùn ẹsẹ̀. Ìyá Rábì ní mo jọ mègádì tó jí ẹ̀wù ọ̀gá rẹ̀. Ìlà kejì ní kí wọ́n fún Bọ̀dé ní Bísíkíìtì, kó máa mú un jáde lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, òjò ni o, òtútù ni o.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pè é. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan fún un nípa ilẹ̀ àti ààlà tó wà láàárín èèyàn àti èèyàn. Kò jẹ́ kí n débì kan. Ó ní, "Sàlí, dúró ná, ajá ti ń ha ilẹ̀kùn." Ó gbàgbé láti pa fóònù. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí. Mo gbọ́ afẹ́fẹ́. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí títì, ó ń lọ, ó ń lọ, títí n kò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́.